Ta ló ni núdù Lanzhou?

Ní Guangzhou, níbi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa ti ń ra ọjà, pátákó tí wọ́n kọ "Núdù Lanzhou" sí pọ̀ káàkiri. Bàbá arúgbó kan, ọmọ bíbí Lanzhou, wo ọ̀kan nínú wọn, ó mirí. Ó ní àwọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ nílé, pé àwọn tó ń sè é gan-an kì í ṣe ará ìlú òun. Òótọ́ ni bàbá sọ. Ará Hualong, ní ìpínlẹ̀ Qinghai tó bá ìpínlẹ̀ tí Lanzhou wà pààlà, ló pọ̀ jù nínú wọn. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń gbé òwò náà káàkiri Ṣáínà.

Lanzhou ni olú ìlú Gansu, létí odò Huang He. Ojú ọ̀nà àwọn oníṣòwò sílíkì ló wà láyé àtijọ́, afárá irin tí àwọn ará Jámánì bá wọn ṣe ní 1909 sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn lórí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ núdù ẹran màlúù tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀, èyí tí àwọn pátákó yẹn ń pè ní núdù Lanzhou, ló gùn.

Ẹ bi ará Lanzhou, Ma Baozi ni yóò dárúkọ. Mùsùlùmí ẹ̀yà Hui ni, òtòṣì sì ni. Wọ́n ní ní 1915, ilé ló ti ń po ìyẹ̀fun rẹ̀, tí yóò fi ọ̀pá gbé igbá méjì kọ́ èjìká, tí yóò máa kiri. Nígbà tó yá ló ń bu omi tó fi se ẹran màlúù àti ẹ̀dọ̀ sí i, omi tó mọ́ gaara. Nígbà tó ní ìsọ̀, oníbàárà kò tíì ní sọ ohun tó fẹ́ jẹ tí wọ́n á ti gbé abọ́ omi ẹran kan fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ rẹ̀, Ma Jiesan, ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin abọ́ náà kò yí padà: omi mímọ́, gbòǹgbò luobo funfun, ata pupa, ewé tútù, núdù aláwọ̀ ìyeyè.

Àwọn ará ìpínlẹ̀ Henan ò gbà. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ọ̀dọ̀ wọn, Chen Weijing, ló kọ́ Ma Liuqi, ọmọ ẹ̀yà Dongxiang, nígbà ìjọba ọba Jiaqing, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ayé Ma Baozi. Ma Liuqi ló gbé e dé Lanzhou. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìtàn yìí bu ọlá Ma Baozi kù. Ẹni tó fún gbogbo ìlú ní omi ẹran yẹn, débi tí ìjọba fi dá sí iye owó abọ́ kan ní 2007, kì í ṣe ẹni tó kàn jogún oúnjẹ.

Ní tèmi, ohun tó ń dùn mí ni eérú tí wọ́n ń fi ṣe núdù náà tẹ́lẹ̀. Koríko kan tó ń hù létí aṣálẹ̀, tí wọ́n ń pè ní peng, ni wọ́n máa ń sun. Eérú rẹ̀ á dì bí káún, wọ́n á sè é, wọ́n á fi omi rẹ̀ po ìyẹ̀fun kó lè ṣeé fà. Èròjà lẹ́búlẹ́bú láti ilé iṣẹ́ ti gba ipò eérú náà báyìí. Àwọn àgbà ní adùn ti lọ. Wọ́n tún ní àwọn ìsọ̀ kan lọ́nà jíjìn kò se egungun mọ́jú mọ́, pé èròjà tí wọ́n dì sínú ọ̀rá ni wọ́n ń dà sómi, orúkọ Lanzhou ni wọ́n sì ń fi tà á.