Ọmọ-Ogun Tí Í Ṣe Ọmọdé: Ohun Tí Ọ̀nà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ Kọ́ Wa

Ní èdè wa, ọmọ-ogun ni à ń pe jagunjagun, bí irùngbọ̀n rẹ̀ tilẹ̀ ti funfun. Ṣùgbọ́n ní ayé ogun àwọn baba wa, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà èwe ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń jẹ́ orúkọ náà ti bọ́ sínú ogun. A fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín bí ọmọdé ti ń di ọmọ-ogun, ohun tí ó dí ọ̀nà àṣà náà ní ilẹ̀ wa nígbà náà, àti ohun tí àwọn òfin òde òní ń ṣe sí i níbi tí ó tún ti hù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwà ìkà nìkan ni ó mú kí àwọn olórí ogun fi ọmọdé kún ogun wọn. Èrè wà níbẹ̀. Iye ènìyàn tí ń tẹ̀lé olóyè lẹ́yìn ni ìwọ̀n ọlá rẹ̀. Nígbà tí ìlú bá fọ́, a ó kó tọmọdé tàgbà lẹ́rú. A ó ta àwọn kan, a ó fi àwọn kan sí oko, a ó sì tọ́ àwọn ọmọkùnrin mìíràn dàgbà nínú agbo ilé olórí ogun, bí ó ti rí ní Ìbàdàn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ilé mìíràn mọ́. Ẹni tí ń bọ́ ọ ni baba rẹ̀, ìbọn tí a fi lé e lọ́wọ́ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òun náà bá dàgbà, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò lọ kó. Báyìí ni ogun ṣe ń bí ogun.

Ogun kì í sì í pẹ́ láìní ọ̀nà. Láti etí òkun ni ìbọn àti ẹ̀tù ti ń gòkè lọ, tí ẹrú sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ní etí ọ̀sà, jẹ́ méjì nínú ẹnu ọ̀nà náà. Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò ní 1851, fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùdó. Ní 1854 ó fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Ní 1865 àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ ń gbé ẹrù Èkó lọ bá Ìbàdàn, ọ̀tá wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, àwọn ọmọ-ogun tí Glover rán láti Èkó tú wọn ká. Ní 1892, Ẹ̀pẹ́ ni ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ó sì ṣẹ́gun ní Ìmagbọ̀n. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí a ṣe nítorí ọmọdé. Òwò àti agbára ni a ń lépa. Ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé ẹni tí ó bá di ẹnu ọ̀nà mú ni ó di ọ̀fun ogun mú.

Ní Kírìjì, níbi tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ti dojú kọ ara wọn fún ọdún pípẹ́, àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ru ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó kan sí èkejì, a sì fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù kẹsàn-án 1886. Síbẹ̀ ibùdó kò tú pátápátá títí di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter dé ibẹ̀. Ọdún méje ni ó wà láàárín ìwé àti ìṣe. Nígbà tí ìlú kò fọ́ mọ́, ọ̀nà tí ọmọ ń gbà di ọmọ-ogun olóyè dí.

Lóde òní ọ̀rọ̀ náà ti di òfin. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti 1989, fi ọdún 15 ṣe ààlà. Ti ilẹ̀ Áfíríkà, ti 1990, pe gbogbo ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ọmọdé, ó sì kọ̀ kí a gbà wọ́n sí iṣẹ́ ogun. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà, 2003, kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ní ìpín 34. Ìpínlẹ̀ Èkó, tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà nínú rẹ̀, ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2007. Ìjìyà sì ń bá ẹlẹ́ṣẹ̀. Ní 2007 ilé-ẹjọ́ pàtàkì ti Sàró, ìyẹn Sierra Leone, dá àwọn olórí ogun lẹ́bi nítorí ọmọdé tí wọ́n fi ṣe ọmọ-ogun. Ní 2012 ó dá Charles Taylor, ẹni tí ó ti jẹ Ààrẹ Làìbéríà rí, lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ yìí àti àwọn mìíràn. Ẹ̀wọ̀n 50 ọdún ni wọ́n fún un.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kì í gba ìbọn lọ́wọ́ ọmọ. Ní Borno, kì í ṣe Boko Haram nìkan ni ó lo ọmọdé. Ẹgbẹ́ ará ìlú tí ó dìde láti bá a jà lò wọ́n pẹ̀lú. Ní 2017 ẹgbẹ́ náà bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ètò láti jáwọ́. Ní oṣù karùn-ún 2019, ọmọ 894, tí ọmọbìnrin 106 wà nínú wọn, ni ó jọ̀wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 2022 ìjọba Nàìjíríà náà fọwọ́ sí i pé ọmọ tí ológun bá rí lójú ogun ni a ó fà lé àwọn alábòójútó ọmọdé lọ́wọ́, kí a má ṣe tì í mọ́ bárékè.

Ìpadàbọ̀ sì le ju ìtúsílẹ̀ lọ. Ní Sàró, tí ogun rẹ̀ parí ní 2002, ọmọ tí a gba ìbọn lọ́wọ́ wọn ju 6,800 lọ, ọ̀pọ̀ jù lọ sì padà sọ́dọ̀ ìbátan wọn. Ṣùgbọ́n ètò náà fo ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin dá, nítorí pé ìyàwó jagunjagun ni a kà wọ́n sí. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí kò bá sí ilé, ilé-ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ tí ń dúró dè é, ẹni tí ó bọ́ ọ nínú igbó ni yóò tún padà lọ bá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní 2016 àwọn agbébọn gbé ọmọbìnrin mẹ́ta nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìkòròdú. Ní 2017 wọ́n gbé ọmọkùnrin mẹ́fà ní Ìgbónlá lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ó sì ju oṣù méjì lọ kí wọ́n tó rí ilé. Owó ni wọ́n fi wọ́n wá, wọn kò sọ wọ́n di ọmọ-ogun. Gbogbo wọn sì padà. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti lè gbé ọmọ lọ fún owó, a lè gbé e lọ fún ìbọn pẹ̀lú. Nítorí náà, kí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní odi àti olùṣọ́; kí àwọn apẹja àti ọlọ́kọ̀ ojú omi tètè sọ ohun tí wọ́n bá rí; kí òbí sì gba ìwé ìbí fún gbogbo ọmọ, nítorí pé òfin tí ó dá ọdún 18 kò lè gba ẹni tí a kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀.