Íǹṣì Mélòó Ló Bá Pálọ̀ Yín Mu? Mo Wọn Tiwa, Mo sì Rí Ohun Tí Mi Ò Wá

Ní oṣù kẹta tó kọjá, Màámi pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

"Àjàní, àjọ ti kàn mí o. Mo fẹ́ ra tẹlifíṣàn tuntun, 55 ni mo fẹ́. Ìwọ tó o ń ka físíìsì, wá bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí àwọn ọlọ́jà má baà rẹ́ mi jẹ."

Mo ní ṣé 32 tó wà nílé ti bàjẹ́ ni. Wọ́n ní kò bàjẹ́, ó kéré ni. "Ṣé o ò rí bí Dàmọ́lá ṣe ń jókòó ni? Ó kù díẹ̀ kó wọnú TV lọ. Bí ti tuntun bá tóbi, á jókòó sórí àga bí ọmọ èèyàn."

Èmi náà fẹ́ràn TV ńlá, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Ká máa wo Super Eagles lórí ohun tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ta ni ò fẹ́? Ṣùgbọ́n owó àjọ kì í ṣe owó tí wọ́n fi ń ṣeré. Láti oṣù kẹwàá ni Màámi ti ń dá a. Torí náà, láàárọ̀ Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sílé ní Ìbàdàn, mo sì mú téèpù àti rúlà dání.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wọ̀n ni ògiri sí ògiri. Àṣìṣe ni. Pálọ̀ wa gùn tó mítà 3.6, ṣùgbọ́n àga ní ẹ̀yìn, tábìlì TV yọ síwájú, èèyàn kì í sì í fi ìpàkọ́ wòran. Láti ojú ẹni tó jókòó sórí àga dé ojú TV ni kí ẹ wọ̀n. Tiwa jẹ́ mítà 2.4. Ẹ rántí nọ́ńbà yẹn, òun la máa lò títí dé ìparí.

Ó wá kan íǹṣì. Tí wọ́n bá ní TV kan jẹ́ 32, kì í ṣe fífẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, kì í sì í ṣe gíga rẹ̀. Láti igun òkè lápá kan dé igun ìsàlẹ̀ lápá kejì ni, ojú tó ń tàn nìkan. Íǹṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54. Tí a bá pín fífẹ̀ TV òde òní sí ọ̀nà 16, gíga rẹ̀ máa ń jẹ́ 9 nínú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, 32 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 71, ó ga tó 40. 43 fẹ̀ tó 95, ó ga tó 54. 55 fẹ̀ tó 122, ó ga tó 69. Ẹ fara balẹ̀ wò ó: nọ́ńbà 55 ò tó ìlọ́po méjì 32, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lápapọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta.

Mo lẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ mọ́ ògiri ní ìwọ̀n 122 sí 69, kí Màámi lè fojú ara wọn rí i. Ó bo ìdajì fèrèsé.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Màámi wí. "Ta ló ń wo fèrèsé tẹ́lẹ̀?"

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi fèrèsé sílẹ̀ ká sọ̀rọ̀ ojú. Ojú wa ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ fojú inú wo òbírí kan tí wọ́n pín sí 360 dígírì. Ẹ mú dígírì kan ṣoṣo níbẹ̀, kí ẹ tún pín in sí 60. Ìdá kan nínú 60 yẹn ló kéré jù tí ojú tó dáa, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní 6/6, fi lè mọ̀ pé àmì méjì tó wà nítòsí ara wọn kì í ṣe ẹyọ kan. Láti mítà 2.4, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 0.7. Ohun tó bá kéré sí i á dà pọ̀ mọ́ ara wọn lójú yín.

Àwòrán orí TV náà, àmì kéékèèké tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni, àwọn pixel. TV 55 tó jẹ́ Full HD ní 1920 nínú wọn láti ọ̀tún dé òsì. Ẹ pín sẹ̀ǹtímítà 122 sí 1920, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ mìlímítà 0.63. Ó ti kéré sí 0.7 náà nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nínú pálọ̀ Màámi, tí ẹ bá gbé 55 Full HD àti 55 4K sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tí ojú rẹ̀ jẹ́ 6/6 ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ àwọn pixel wọn láti orí àga. Àwọ̀ lè dáa ju ara wọn lọ o, ìyẹn ọ̀tọ̀.

Ṣùgbọ́n TV kì í dá àwòrán yà fúnra rẹ̀. Kí ni wọ́n ń rán sí i? Dẹkódà Màámi kì í ṣe HD. Àwòrán SD tó ń gbé wá ní ìlà 576 láti òkè dé ìsàlẹ̀, iye kan náà tí TV oníkùn ayé àtijọ́ ń gbé jáde. TV ńlá ò lè fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Á kàn na ìlà 576 yẹn ni, bí ẹni bu omi lu ọbẹ̀ torí pé àlejò pọ̀. Lórí 32 wa, ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 0.69, ó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ojú. Lórí 43, ó di 0.93. Lórí 55, ó di 1.19. Ìyẹn ni pé fíìmù Yorùbá tí Màámi ń tìtorí rẹ̀ fẹ́ ra TV ńlá á tún ṣe bàìbàì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ti rí irú ẹ̀ nílé àwọn èèyàn, àbí? TV bo gbogbo ògiri, ojú òṣèré wá dà bí ẹ̀kọ tí ò dì.

Tí ẹ ò bá fẹ́ ṣe gbogbo ìṣirò yìí, ẹ mú ìwọ̀n igun sí igun TV náà ní sẹ̀ǹtímítà. Tó bá jẹ́ SD lẹ ń wò, kí àga yín jìnnà tó bíi ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ kó tó dán lójú. Tó bá jẹ́ Full HD, ìlọ́po 1.6 ti tó. 4K, kò ju 0.8 lọ. 43 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 109 láti igun sí igun, nítorí náà SD ń fẹ́ bíi mítà 3.2, Full HD ń fẹ́ bíi 1.7.

Mi ò bá 55 jà o. Àwọn tó ń to TV fún wíwo fíìmù sábà máa ń fẹ́ kí fífẹ̀ rẹ̀ gba bíi 30 dígírì lójú òǹwòran. Láti orí àga wa, 32 gba 17, 43 gba 22, 55 gba 28 àti ààbọ̀. Ẹ rí i pé ọlọ́jà tó sọ fún Màámi pé 55 ló bá pálọ̀ wọn mu ò purọ́. Tó bá jẹ́ fíìmù HD ni wọ́n fẹ́ máa fi dátà wò, n bá ní kí wọ́n rà á. Ṣùgbọ́n HD lórí Netflix lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan, 4K sì lè dé 7GB. Ta ló fẹ́ ra dátà yẹn? Ẹ má wo ojú mi.

Iná náà wà níbẹ̀. Kò sí ohun tó ń tan ojú tó fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́. Wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn 32 wa jẹ́ 45. Nígbà tá a dé ọjà, mo yí àwọn páálí wò: 43 tá a rí jẹ́ 75, 55 jẹ́ 130. Bátìrì ínfátà Màámi jẹ́ 12V, 100Ah, oní-ásíìdì. Ìyẹn jẹ́ wáàtì 1200 fún wákàtí kan, tí a ò sì gbọ́dọ̀ lò ju ìdajì lọ tí a bá fẹ́ kó pẹ́. Nínú 600 yẹn, 32 lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 13, 43 fún 8, 55 fún bíi 4 àti ààbọ̀, ká má tíì ka gílóòbù àti fáànù, ká má sì ka èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ọjà rárá ni ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí ṣẹlẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé yẹn, bọ́ọ̀lù wà lórí TV. Mo jókòó sórí àga, mo fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni 32 ti kéré jù fún wa. Ohun tó kéré jù tí èèyàn nílò láti kà nínú bọ́ọ̀lù ni góòlù àti ìṣẹ́jú, lókè lápá òsì. Mo kà á láìsí wàhálà. Mo pe àbúrò mi kúrò nílẹ̀ kó wá jókòó tì mí.

"Dàmọ́lá, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n ti gbá?"

Ó fún ojú pọ̀. "Ààbọ̀ kejì ti bẹ̀rẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi."

"Mi ò bi ọ́ ní ààbọ̀. Nọ́ńbà ibẹ̀ ńkọ́?"

"56."

68 ló wà níbẹ̀.

Mo dìde, mo fi rúlà wọn nọ́ńbà náà lójú TV. Gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12. Ẹ rántí pátákó tí wọ́n kọ E ńlá sí lókè nílé ìwòsàn ojú. Snellen, dókítà ará Netherlands, ló ṣe é ní 1862, òfin rẹ̀ ò sì le: lẹ́tà tí ojú 6/6 gbọ́dọ̀ lè kà máa ń ga tó ìdá 5 nínú 60 dígírì. Láti mítà 2.4, ìyẹn jẹ́ mìlímítà 3.5. Nọ́ńbà 12 ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ojú tó ní ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ojú tó dáa ṣì yẹ kó kà á. Dàmọ́lá ò rí i kà.

Mo ní kó máa sún mọ́ TV, kó dúró níbi tí gbogbo rẹ̀ bá ti dán. Ó dúró síbi tó máa ń jókòó sí gan-an. Mo na téèpù: sẹ̀ǹtímítà 60.

Àyà mi já. Kì í ṣe torí ojú nìkan. Mo ṣírò rẹ̀ lórí 55: nọ́ńbà kan náà á ga tó mìlímítà 20. Ó ṣeé ṣe kí Dàmọ́lá rí i kà láti orí àga. Gbogbo wa ì bá pàtẹ́wọ́ pé TV tuntun ti ṣiṣẹ́, ọmọ ti ń jókòó bí ọmọ èèyàn. Bọ́ọ̀dù kíláàsì rẹ̀ kò sì ní fi sẹ̀ǹtímítà kan tóbi sí i.

Mo bi í pé báwo ló ṣe ń kọ nóòtì. Ó wolẹ̀. Ó ní ìwé ẹni tó jókòó tì í lòun ń wò, àti pé tí tíṣà bá ti ń ṣe mátì lórí bọ́ọ̀dù, òun kàn máa ń dúró kí wọ́n parí ni. JSS2 ló wà. Lẹ́yìn èsì ìdánwò tó kọjá, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́, Màámi sì gba bọ́ọ̀lù rẹ̀, wọ́n gbé e sórí wọ́dúróòbù.

Màámi ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "TV yìí ló bà á lójú jẹ́. Mo ti ń sọ ọ́."

Kì í ṣe TV. Ọ̀rọ̀ "má sún mọ́ TV" ní ìdí nígbà kan: ní 1967, General Electric ní Amẹ́ríkà jẹ́wọ́ pé àwọn TV aláwọ̀ kan tí wọ́n ṣe ń tú X-ray jáde ju bó ṣe yẹ lọ. TV oníkùn nìyẹn, iná mànàmáná alágbára ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. TV pẹlẹbẹ òde òní ò ní irú ẹ̀rọ yẹn nínú. Dàmọ́lá ò di ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán torí pé ó sún mọ́ TV. Ó sún mọ́ TV torí pé kì í rí ọ̀ọ́kán.

Èyí tó wá dùn mí jù ni bọ́ọ̀lù orí wọ́dúróòbù yẹn. Ní Guangzhou, orílẹ̀-èdè Ṣáínà, àwọn olùwádìí fi ìṣẹ́jú 40 kún àkókò tí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ń lò níta lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bíi 30 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni irú ojú yìí mú, nígbà tó mú bíi 40 nínú àwọn tí wọn ò fi kún tiwọn. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ń ran ojú ọmọdé lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ fún Màámi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n gun àga, wọ́n sọ bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀.

Dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Ajé. −1.75 ni ojú méjèèjì. Tí ẹ bá pín 100 sí 1.75, ẹ ó rí 57: ìyẹn ni sẹ̀ǹtímítà tí ojú rẹ̀ lè rí kedere dé láìsí gíláàsì. Téèpù mi ti sọ 60. Mo fẹ́ fò sókè nínú ọ́fíìsì wọn, ṣùgbọ́n Màámi ń wò mí.

Nínú owó àjọ la ti san gíláàsì. Èyí tó kù ra 43, ó sì tún ra dẹkódà HD, nítorí 43 lórí SD ì bá máa ṣe bàìbàì bí mo ṣe sọ. Fèrèsé ṣì ń ṣí.

Mo wà nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Dàmọ́lá jókòó sórí àga, ó sì ń ka gbogbo ohun tó bá ti yọ lójú TV sókè: ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ fíìmù, orúkọ oníkámẹ́rà, nọ́ńbà ẹni tó ń polówó àgbo. Màámi ní kó jọ̀ọ́ kó dákẹ́, àwọn ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.