Òótọ́ àbí irọ́? Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ ń dán ló ń sáré lójú omi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Mile 2, àti ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ létí odò Festac, ọ̀rọ̀ yìí kò ní í ṣàjèjì sí yín: bí abẹ́ ọkọ̀ bá ṣe ń dán tó ni yóò ṣe máa sáré tó. Torí ẹ̀ làwọn kan ṣe ń náwó lórí ìda. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Omi kò mọ dídán. Omi tó kan ara ọkọ̀ gan-an máa ń lẹ̀ mọ́ ọn ni, ara náà ì báà dán, ì báà má dán. Omi tó tẹ̀ lé e ló ń yọ̀ kọjá. Gbágungbàgun tó bá kéré débi pé ó sá pamọ́ sínú omi tó lẹ̀ yìí kò dí ọkọ̀ lọ́wọ́. Èyí tó bá yọrí ló ń fà á sẹ́yìn. Fún ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 18 ní wákàtí kan, gbágungbàgun tó lè sá pamọ́ bẹ́ẹ̀ kò ga ju nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá 50 mìlímítà kan lọ. Irun orí nípọn jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Bí ẹ bá fi sáńpépà 400 àti omi ha abẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ ti dé ibẹ̀. Ojú èèyàn nìkan ni dídán tó kù wà fún.

Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, William Froude, ti dán an wò ní Torquay, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ọdún 1870. Ó wọ́ pátákó nínú omi: ó fi fáníìṣì kun òmíràn, ó fi ìda pa òmíràn, ó fi aṣọ tàbí iyanrìn bo òmíràn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìda àti fáníìṣì kò tó nǹkan. Lórí pátákó tó gùn, aṣọ àti iyanrìn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìfàsẹ́yìn náà di ìlọ́po méjì.

Kí ló wá dé tá a fi gbà á gbọ́? Ẹni tó fẹ́ fi ìda pa ọkọ̀ á kọ́kọ́ wọ́ ọ gòkè, á ha á, á fọ̀ ọ́. Híha ló ṣiṣẹ́, ìda ló gba ọpẹ́. Bákan náà, àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì ní Tarkwa Bay ń fi ìda pa tiwọn lóòótọ́, àmọ́ òkè ni wọ́n ń pa á sí, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀.

Ọ̀tá gidi ni àwọn ẹ̀dá oníkarahun kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ òpó àti ọkọ̀. Ìwádìí tí Sandison àti Hill gbé jáde lọ́dún 1966 lórí èbúté Èkó àti àwọn odò tó yí i ká fi hàn pé iyọ̀ inú omi ló ń pinnu ibi tí wọ́n ti ń gbilẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni omi iyọ̀ ń wọ inú odò wa jù.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó rántí Stars & Stripes, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó gba ife America's Cup ní Fremantle lọ́dún 1987. Ọ̀rá tó ní ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín bí awọ ẹja ekurá ni wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀.

Irọ́ ni ti dídán. Òótọ́ ni ti mímọ́ àti jíjọ̀lọ̀. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ wa, ẹ fowó ìda ra sáńpépà, kí ẹ sì wọ́ ọkọ̀ gòkè fún híha kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí.