Aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n fún àwọn obìnrin

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Èmi tí mi ò lè dúró lórí yìnyín fún ìṣẹ́jú kan láìdi ògiri mú, èmi ni mò ń ṣètò líìgì họ́kì orí yìnyín fún àwọn obìnrin nílùú kékeré kan ní Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Aládùúgbò mi kan tó máa ń gbá a ló sọ fún mi ní èṣí pé akọ̀wé àwọn ti kó lọ, "ṣebí ìwọ kàwé òfin, lẹ́tà kíkọ ò lè ni ẹ́ lára." Mo ní kò burú. Mo rò pé lẹ́tà méjì, mẹ́ta ni.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá mi lórí fóònù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Èló ni wọ́n ń san fún ẹ?"

"Wọn kì í sanwó, Mọ́mì."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Kí lo wá ń wá nínú òtútù?"

Ikọ̀ mẹ́fà la ní. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, ìyá kan tó ti ní ọmọ-ọmọ náà wà níbẹ̀. Họ́kì yìí ò dà bíi bọ́ọ̀lù tí èèyàn lè fi òkúta méjì ṣe góòlù fún ládùúgbò. Inú ilé ni pápá yìnyín wà, ìjọba ìlú ló ni ín, wákàtí-wákàtí ni wọ́n sì fi ń háyà ẹ̀. Ẹni tí ò bá ní wákàtí, kò ní ìdíje. 10:45 alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fún wa. Kí wọ́n tó gbá a tán, kí wọ́n tó bọ́ gbogbo ẹrù tó wà lára wọn, kí wọ́n tó délé, aago kan òru ti lù. Nọ́ọ̀sì tó máa wọṣẹ́ ní aago méje àárọ̀ ńkọ́? Ikọ̀ méje la jẹ́ ní èṣí.

Mo bá gba ìwé ìlànà tí wọ́n fi ń pín wákàtí, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó lo wákàtí kan lọ́dún tó kọjá ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí i lọ́dún yìí. Ó jọ pé ó dáa, àbí? Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ débẹ̀?

Ní Toronto, ní nǹkan bí ọdún 1955 sí 1956, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Abby Hoffman gé irun ẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pe ara ẹ̀ ní Ab, ó sì ń bá àwọn ọmọkùnrin gbá họ́kì títí wọ́n fi wo ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ẹ̀. (Ó padà di eléré sísá tó lọ sí Òlíńpíìkì mẹ́rin.) Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, Justine Blainey gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé ẹjọ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Ontario nígbà yẹn, abala 19(2), yọ eré ìdárayá sílẹ̀: wọ́n lè torí pé èèyàn jẹ́ obìnrin lé e kúrò nínú ikọ̀. Lọ́dún 1986, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wọ́gi lé abala náà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ẹjọ́ yẹn ni pé ẹgbẹ́ họ́kì àwọn obìnrin Ontario gan-an ò fẹ́ kó borí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé tí àwọn ọmọbìnrin tó mọ̀ ọ́n gbá jù bá lọ sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, líìgì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ á tú. Tó bá jẹ́ ìgbà tí mo wà ní yunifásítì ni, màá ní ọ̀tá obìnrin ni wọ́n. Ní báyìí tí mo ti ń fi fóònù bẹ aṣọ́lé lóru, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Blainey ló jàre, n ò jiyàn. Àmọ́ ìbẹ̀rù wọn yé mi. Ẹgbẹ́ kan náà yìí ló kó àwọn obìnrin jọ fún ìdíje àgbáyé lọ́dún 1987, nígbà tí àjọ họ́kì àgbáyé ò tíì ní tiwọn.

Ilé ẹjọ́ rí abala 19(2) wọ́gi lé torí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ò bú ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ àwọn obìnrin ló ń délé ní aago kan òru.

Mo kọ lẹ́tà sí ìjọba ìlú. Mi ò ní kí wọ́n gba gbogbo wákàtí lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin o. Mo ní kí àwa náà máa lo aago mẹ́jọ alẹ́, ọ̀sẹ̀ kan fún wọn, ọ̀sẹ̀ kan fún wa. Bàbá kan nínú líìgì wọn sọ fún mi pé ó ti lé lógún ọdún tí àwọn ti ń lo aago mẹ́jọ yẹn. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló máa ń dúró bá wa ti góòlù sáyè ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n máa dá wa lóhùn. Kó tó dìgbà yẹn, mo ṣì ń wá aṣọ́lé fún ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí a ní ti sọ pé iṣẹ́ òru ló kàn án.