Oúnjẹ Ojú Ọ̀nà: Bí Arìnrìn-àjò Ṣe Lè Rí Ilé Oúnjẹ Rere

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Òwe yìí kan gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n arìnrìn-àjò ni ó kàn jù lọ. Ẹni tí ó wà ní ilé rẹ̀ mọ omi tí a fi se oúnjẹ rẹ̀, ó mọ ọwọ́ tí ó sè é, ó sì mọ ìkòkò tí a sè é nínú rẹ̀. Ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Nítorí èyí ni àwọn ìdílé kan ṣe ń fi ebi rìn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí àwọn mìíràn sì ń ra ohunkóhun tí a bá nà sí wọn lójú fèrèsé mọ́tò. Lójú tiwa, kò sí èyí tí ó yẹ onílé ọlọgbọ́n nínú méjèèjì. Ọ̀nà kẹta wà, òun ni a sì fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń kó ọmọ rin ìrìn-àjò.

BÍ Ọ̀NÀ TI YÍ PADÀ

Nígbà tí rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ọkọ̀ a máa dúró ní ìlú dé ìlú, àwọn obìnrin a sì gbé igbá àkàrà, ẹ̀kọ àti ọsàn wá bá èrò. Ohun tí ìlú náà mọ̀ ọ́n sè ni èrò ń jẹ. Mọ́tò àtijọ́ pàápàá kò lè ṣàìgba àárín ìlú kọjá. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1978, tí a ti ṣí ọ̀nà ńlá tí ó so Èkó mọ́ Ìbàdàn, ènìyàn lè ti ìlú kan dé èkejì láìfojú kan ọjà kankan láàárín wọn. Ohun tí ó kù fún un ni búrẹ́dì, omi inú ọ̀rá, àti omi dídùn inú ìgò tí àwọn ọmọ ń sáré gbé kiri nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Oúnjẹ rere kò tán nínú àwọn ìlú náà. Ọ̀nà ni ó yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ ẹ ní láti yà sí i.

OHUN TÍ ÌLÚ MỌ̀ Ọ́N SÈ

Òfin kìn-ín-ní tí a fẹ́ kí ẹ dì mú ni èyí: ní ìlú tí ẹ bá dé, ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ lójoojúmọ́ ni kí ẹ bèèrè. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Oúnjẹ tí gbogbo ìlú ń jẹ kì í pẹ́ nínú ìkòkò. Ẹni tí ń sè é ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Àwọn tí ń rà á sì mọ adùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò bá sè é dáradára kò ní í rí oníbàárà ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá dé ìlú oníyán tí ó ń wá ìrẹsì òyìnbó kiri, kí ó má yà á lẹ́nu bí ó bá jẹ́ ìrẹsì àná ni a bù fún un.

Ní Abẹ́òkúta, ẹ bèèrè láfún. Ní agbègbè Ọ̀fadà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ìrẹsì tí ń jẹ́ orúkọ ìlú náà wà, èyí tí a ń fi ewé eéran pọ́n, tí a sì ń jẹ pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tí irú àti epo pupa pé sínú rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú, ìkọ́kọrẹ́ ni. Ewùrà ni a rin tí a fi sè é pẹ̀lú ẹja. Ìbàdàn kò ní ohun tí a ń ṣe àròyé lé lórí: àmàlà ni, tí a fi èlùbọ́ iṣu rò, tí a sì da gbẹ̀gìrì àti ewédú pọ̀ lé lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní àbùlà.

Bí ẹ bá ti Ìbàdàn kọjú sí ìhà ìlà-oòrùn, ẹ ó dé Ìkirè, níbi tí dòdò Ìkirè ti gba orúkọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n gan-an ni a gún pẹ̀lú ata àti iyọ̀, tí a ṣù, tí a sì fi epo pupa dín. Ní iwájú Ilé-Ifẹ̀, ní ọ̀nà Iléṣà, ni Òṣú wà, àwọn èrò ọkọ̀ a sì máa sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ nítorí àkàrà Òṣú nìkan ṣoṣo. Láti Iléṣà wọ Èkìtì, iyán ni ọba. Bí ó bá sì jẹ́ ìhà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin ni ẹ gbà, ẹ ó rí àwọn obìnrin Fúlàní tí wọ́n gbé wàrà jókòó, èyí tí wọ́n fi oje ewé bọmubọmu mú kí wàrà màlúù dì.

Oúnjẹ ilẹ̀ wa kò tilẹ̀ dúró ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá rìn dé ìlú Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, yóò rí obìnrin aláṣọ funfun ní ìkóríta tí ń fi epo pupa dín àkàrà. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwọn ìyá wa tí a kó lẹ́rú lọ ni ó gbé e dé ibẹ̀, bí wọ́n ti gbé ọ̀ọ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ dé ibẹ̀ pẹ̀lú, tí ọ̀kan ń jẹ́ abará, tí èkejì ń jẹ́ acaçá. Ní ọdún 2005 ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn aláàkàrà wọ̀nyí sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni nínú wa má bàa máa fi ojú kékeré wo obìnrin tí ń dín àkàrà ní ẹ̀bá ọ̀nà.

ÀWỌN TÍ Ó YẸ KÍ A BI

Kì í ṣe gbogbo ibi tí awakọ̀ bá yà sí ni ó dára jù. Awakọ̀ mìíràn a máa jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé oúnjẹ tí ó bá kó èrò lọ, èrò ni yóò sì san owó rẹ̀. Ó sàn kí ẹ bi àwọn tí iṣẹ́ wọn so mọ́ ìlú náà: télọ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà, ìyá aláṣọ inú ọjà, olùkọ́ ilé-ìwé. Ẹ má sì bi wọ́n pé, "Níbo ni oúnjẹ ti dára?" Ẹni tí a bá bi bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ilé olówó ńlá ni àlejò ń wá, yóò sì júwe ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò wọ̀ rí. Ẹ bi í báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ẹ̀yin fúnra yín ti ń jẹun ọ̀sán?" Ìdáhùn ìbéèrè yìí ṣọ̀wọ́n kí ó ṣini lọ́nà.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Òwúrọ̀ ni ti ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà. Ọ̀sán gangan ni ti àmàlà àti iyán, nígbà tí ìkòkò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ní ilé oníyán, ẹ jẹ́ kí etí yín ṣáájú ẹnu yín: bí ẹ bá gbọ́ dídún ọmọ odó, tuntun ni ẹ ó jẹ.

ÀMÌ ILÉ OÚNJẸ RERE

Ẹ má wo àwọ̀ ilé. Ilé tí a kùn dáradára lè ní ìkòkò ẹlẹ́gbin, abẹ́ páànù sì lè mọ́ ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Ohun márùn-ún ni kí ẹ wò.

Èkínní, iná. Oúnjẹ tí ń hó lórí iná ni ó sàn jù. Ìrẹsì tí a sè ní òwúrọ̀ tí ó sì wà ní lọ́wọ́ọ́wọ́ títí di alẹ́ léwu púpọ̀, nítorí pé kòkòrò àìrí kan a máa bí sí i nínú rẹ̀, májèlé tí ó bá sì fi sílẹ̀ kì í kúrò bí a tilẹ̀ tún gbé e kaná.

Èkejì, omi tí a fi ń fọ àwo. Bí ó bá jẹ́ ọpọ́n kan ṣoṣo ni a ń ri gbogbo àwo bọ̀ títí omi fi di dúdú, ẹ dìde.

Ẹ̀kẹta, ọwọ́. Ní ilé rere, ọwọ́ tí ń gba owó kì í ṣe ọwọ́ tí ń bu oúnjẹ.

Ẹ̀kẹrin, ìdérí. Níbi tí eṣinṣin ti ń bà lé ẹran, owó pọ́ọ́kú yín yóò di owó ilé ìwòsàn.

Ẹ̀karùn-ún, àwọn tí ń jẹun níbẹ̀. Bí ẹ bá rí àwọn ará àdúgbò, tí ìyá olóúnjẹ ń fi orúkọ pè wọ́n, ẹ jókòó.

Ẹ bèèrè iye owó kí a tó bu oúnjẹ, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ sì rántí pé ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ẹni tí ó bá ń wá èyí tí ó pọ́ọ́kú jù lọ kò gbọdọ̀ ráhùn pé kò sí ẹran.

Ọ̀RÀN OMI

Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó lè pa arìnrìn-àjò lára, omi náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 àrùn onígbáméjì jà ní Èkó, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àrùn yìí kì í ṣe àfẹ́ẹ́rí. Inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́ ni ó ń gbà wọ inú ènìyàn. Bí ó bá ṣe é ṣe, ẹ gbé omi ilé yín dání, èyí tí ẹ ti sè tí ó sì hó dáradára. Bí ẹ bá ra omi inú ọ̀rá, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, èyí tí í ṣe àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa bójú tó oúnjẹ àti oògùn. Ẹ nu ara ọ̀rá náà kí ẹ tó fi eyín já a, nítorí pé ọwọ́ púpọ̀ ni ó ti gbà á kọjá.

Yìnyín kì í pa kòkòrò àrùn. Omi tí ó bá jẹ́ ẹlẹ́gbin kí ó tó dì, ẹlẹ́gbin ni yóò jẹ́ nígbà tí ó bá yọ́. Sóbò tí a sè lórí iná mọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan a máa da omi tútù tí a kò sè lù ú kí ó lè pọ̀. Ní ti ẹmu, ìdílé kọ̀ọ̀kan mọ ohun tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ gbà; ohun kan tí a ń sọ fún gbogbo yín ni pé ẹni tí yóò wa ọkọ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án. Bí ẹ bá ń wá ohun mímu tí ọwọ́ ènìyàn kò tíì kàn, ẹ ra àgbọn tútù, kí a bẹ́ ẹ lójú yín. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó dé e.

Bí inú ọmọ bá ṣí lójú ọ̀nà, ẹ má dúró kí ẹ tó dé ilé. Ẹ mú omi mímọ́ lítà kan, ẹ fi ṣúgà síbí kékeré mẹ́fà tí kò ga ju etí síbí lọ àti iyọ̀ ìlàjì síbí kékeré sí i, kí ẹ rò ó pọ̀. Ẹ máa fún ọmọ náà mu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín. Àìsí omi nínú ara ni ó ń tètè pa ọmọ, kì í ṣe ìgbẹ́ náà.

ÌWÀ ÀLEJÒ

Ó ku ohun kan tí a kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń se oúnjẹ tà ní ilẹ̀ wa jẹ́ obìnrin, kò sì ṣọ̀wọ́n láti rí opó láàárín wọn tí ó ń fi owó ìkòkò kan san owó ilé-ìwé ọmọ. Nígbà tí a bá kọjá lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí ó mọ́ tónítóní, tí a sì lọ na owó wa sórí ohun inú ọ̀rá tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, a fi ara wa sínú àdánù, a sì fi òun náà sínú rẹ̀. Wòlíì Èlíjà jẹ nínú àkàrà kékeré tí opó Sáréfátì ṣe, ìkòkò ìyẹ̀fun obìnrin náà kò sì ṣófo. Olúwa wa pàápàá, nígbà tí àárẹ̀ ìrìn mú un ní ẹ̀bá kànga Samáríà, béèrè omi lọ́wọ́ obìnrin ìlú náà, nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ lọ ra oúnjẹ nínú ìlú tí àwọn Júù ẹgbẹ́ wọn ń yẹra fún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ kí ìyá olóúnjẹ kí ẹ tó jókòó. Ẹ má ṣe fi oúnjẹ ìlú oníìlú ṣe ẹ̀sín níwájú àwọn ọmọ yín, nítorí ohun tí ẹ bá kọ̀ lónìí ni wọn yóò kẹ́gàn lọ́la. Bí ẹnikẹ́ni bá ń jẹun tí ó ní kí ẹ wá jẹun, ẹ dá a lóhùn pé, "A gba ibi ire o." Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ohùn jẹ́jẹ́ kí ẹ tó fi ọwọ́ kan òkèlè. Bí oúnjẹ bá dùn, ẹ wí fún ẹni tí ó sè é, kí ẹ sì júwe ilé rẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yín.

Kí Olúwa ṣọ́ àlọ yín àti àbọ̀ yín, kí ó sì bù kún oúnjẹ tí ẹ ó jẹ lójú ọ̀nà.