Ìbọn Ìléwọ́ Lábẹ́ Aṣọ Oníkẹ̀kẹ́: Ìlàlóye fún Ọmọ Yorùbá ní Texas

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston, Dallas, San Antonio àti káàkiri Texas, tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ síbi iṣẹ́ tàbí fún eré ìdárayá, la kọ ìwé yìí fún. Àwọn kan nínú yín ń rò ó pé káwọn máa gbé ìbọn ìléwọ́ pamọ́ sára, nítorí olè, nítorí ajá, tàbí nítorí awakọ̀ tí inú ń bí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni òfin Texas ti gbà fún ẹni tó bá pé ọmọ ọdún 21, tí òfin mìíràn kò dè lọ́wọ́, pé kó máa gbé ìbọn ìléwọ́ jáde láìgba ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ló gbọ́ ìyẹn tí wọn ò gbọ́ ìyókù. Ìyókù ọ̀hún ló ń kó oníkẹ̀kẹ́ sí wàhálà ju awakọ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìgbélùú yín

Ẹni tó wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀, ìbáà jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, ti iṣẹ́ tàbí ti àbẹ̀wò, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà fún un pé kó ní ìbọn tàbí ọta ìbọn lọ́wọ́. Àwọn èèyàn díẹ̀ wà tí òfin yọ sílẹ̀, bíi ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ túmọ̀ ìyẹn. Agbẹjọ́rò ni kó bi. Ẹni tí kò ní ìwé rárá wà lábẹ́ òfin kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, àti ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi pé ó lu ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, bí ẹjọ́ náà kò tilẹ̀ tó nǹkan lójú ẹbí. Ẹ̀wọ̀n tó wà ńbẹ̀ lè tó ọdún 15. Ẹni tó ní gíríìn káàdì lè ní ìbọn, ṣùgbọ́n tó bá rú òfin ìbọn, wọ́n lè lé e kúrò nílùú, ìyẹn sì lè le ju ẹ̀wọ̀n lọ fún ẹni tó ti bímọ síbí.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe mọ́tò lójú òfin ìbọn

Nínú òfin ìrìnnà Texas, ẹ̀tọ́ àti ojúṣe tí awakọ̀ ní lójú títì ni oníkẹ̀kẹ́ náà ní. Òfin ìbọn kò wò ó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2007 ni Texas ti ń fojú ilé wo mọ́tò ẹni tó bá di ọ̀rọ̀ ìbọn. Ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ ojú omi ni òfin náà dárúkọ. Kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ ń wà kò sí níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń fà. Ẹni tó mutí yó, tó gbé ìbọn ìléwọ́ sára níbi tí kì í ṣe ilé tàbí mọ́tò rẹ̀, ti dá ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gun kẹ̀kẹ́ ní Sátidé tí ẹ ó sì parí rẹ̀ síbi bíà, ẹ yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ilé ọtí tí ẹ bá rí àmì pupa 51% lára ògiri rẹ̀, ìbọn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ẹ gba ìwé àṣẹ o, ẹ kò gbà á o.

Awakọ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹjọ́, tó rántí pé ìbọn wà lára òun, á padà lọ tì í mọ́ inú mọ́tò. Oníkẹ̀kẹ́ ńkọ́? Báàgì tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ kò lè dá olè dúró. Ilé ìwé, ilé-ẹjọ́, ibùdó ìdìbò, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ títí kan èyí tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìgbélùú, ilé ìtajà tó lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà: tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa yà sí ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ náà, ẹ fi ìbọn sílé kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́.

Ti ilé ìwé ló gba àlàyé jù. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìbọn dé ibi tí kò tó 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ọgbà ilé ìwé, ìyẹn nǹkan bíi mítà 305. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣe é. Ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gbé ìbọn lọ sí ilé ìwé rẹ̀ ní San Antonio níbí ló mú kí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọ́gi lé e lọ́dún 1995. Ilé aṣòfin tún un ṣe lọ́dún 1996, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Òfin náà yọ ẹni tó wà lórí ilẹ̀ aládàáni sílẹ̀, ó yọ ẹni tó yọ ọta kúrò tó sì ti ìbọn mọ́ inú àpótí, ó sì yọ ẹni tí ìpínlẹ̀ náà fún ní ìwé àṣẹ. Kò yọ ẹni tó ń gbé ìbọn láìníwèé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Texas fúnra rẹ̀ kò bi í ní ìwé kankan. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún márùn-ún. Nínú ìgboro, ta ló sì lè gun kẹ̀kẹ́ lọ jìnnà tí kò ní gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé kọjá?

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún ẹni tó bá ti pinnu pé dandan ni kóun gbé ìbọn pé kó lọ gba ìwé àṣẹ. DPS, iléeṣẹ́ ààbò ìlú ní Texas, ló ń fún ni. Dọ́là 40 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń san fún un, yàtọ̀ sí owó olùkọ́. Ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà wà ńbẹ̀, ìdánwò yíyin ọta 50 náà sì wà. Bí ọlọ́pàá bá bi yín ní ìwé nígbà tí ìbọn wà lára yín, ìwé ìdánimọ̀ àti ìwé àṣẹ lẹ ó fi hàn án pọ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ fi ẹnu sọ ibi tí ìbọn wà. Ẹ má ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ.

Ohun tí ìṣubú ń ṣe

Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ á ṣubú lọ́jọ́ kan. Bí ìbọn bá wà láàárín ẹ̀yìn, irin lẹ ó fi ọ̀pá ẹ̀yìn bà lé. Bó bá wà níwájú lábẹ́ ìdodo, títẹ̀ tí oníkẹ̀kẹ́ ń tẹ̀ síwájú á máa tì í mọ́ ikùn, ẹnu rẹ̀ á sì dojú kọ itan, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá gbà kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ìbàdí sàn díẹ̀, àmọ́ aṣọ máa ń sún sókè níbẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ síwájú, ìdí ìbọn á sì yọ síta. Òfin Texas sọ pé ìbọn tí ojú bá lè rí gbọ́dọ̀ wà nínú àkọ̀, nítorí náà ẹ má gbé e láìní àkọ̀ rárá. Kí àkọ̀ ọ̀hún le, kó bo ibi tí ìka ń fà pátápátá, kó sì di ìbọn mú kódà bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò. Àpò ẹ̀yìn aṣọ tí oníkẹ̀kẹ́ ń ki fóònù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí kì í ṣe ibi ìbọn. Báàgì tí kọ́kọ́rọ́ àti irinṣẹ́ wà kì í ṣe ibẹ̀.

Bí ìbọn bá já bọ́, ẹ jẹ́ kó bọ́. Ẹni tó bá gbìyànjú láti há a lè fi ìka fa ohun tí kò fẹ́ fà. Bí ẹ bá farapa tí àwọn elétò ìlera pàjáwìrì dé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ó bá wọn sọ ni pé ìbọn wà lára yín àti ibi tó wà.

Ajá àti awakọ̀

Ní ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1894, aṣebọn kan tó ń jẹ́ Galand gbé ìbọn kékeré kan jáde, Velo-Dog, fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí ajá ń lé. Èrò yẹn kò tíì kú ní Texas. Lójú tiwa, kò mọ́gbọ́n dání. Ajá ń sáré, kẹ̀kẹ́ ń mì, ilé àwọn èèyàn wà lẹ́yìn ajá; ta lẹ rò pé ọta máa bà? Ní ìlú tí èrò ibẹ̀ tó 100,000, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn máa yìnbọn níwàkuwà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi kẹ̀kẹ́ dábùú àárín ẹ̀yin àti ajá, ẹ pariwo mọ́ ọn. Agolo ata tí wọ́n ń fín síni lójú kò lòdì sófin Texas, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Awakọ̀ tó bá fẹ́ ti yín kúrò lójú títì, ẹ ka nọ́mbà mọ́tò rẹ̀, ẹ pe 911. Ẹ má ká aṣọ sókè kó lè rí ohun tó wà níbàdí. Fífi ìbọn han èèyàn láti dẹ́rù bà á jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, nínà án sí i tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá délé

Nínú ikú 48,830 tí ìbọn fà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2021, ó lé ní 26,000 tó jẹ́ pé olúwarẹ̀ ló pa ara rẹ̀. Ẹ má gbé ìbọn sórí tábìlì pẹ̀lú akoto. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí, torí pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá rí ìbọn tó lọ́ta nínú mú nítorí àìbìkítà yín, ẹ̀yin ni òfin máa mú. Ẹni tí ayé bá sú, ọ̀sán o, òru o, 988 ni nọ́mbà tó máa pè.

Tí ẹ bá ń múra àtilọ sílé ní Nàìjíríà, ìwé àṣẹ Texas kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Lábẹ́ Òfin Ìbọn ọdún 1959, ìbọn ìléwọ́ wà lára àwọn ìbọn tí òfin kà léèwọ̀, Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló sì lè fún èèyàn láṣẹ láti ní in.