Ìbà Olórin fún Aṣíwájú Rẹ̀: Eric Clapton àti Àwọn Orin Robert Johnson

Láwùjọ Yorùbá, òṣèré tí ó bá bọ́ sójú agbo kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ eré. Ó ní láti júbà àwọn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí ó tó dé. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti yẹ irú ìbà bẹ́ẹ̀ wò láàrin àwọn olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí á sì mọ̀ bóyá àwo orin tí a ṣe láti yẹ́ aṣíwájú sí máa ń yẹ́ ẹ sí ní tòótọ́. Eric Clapton, tí a bí ní 1945, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ọdún tí ó fi ń padà sídìí orin Robert Johnson.

Ọmọ adúláwọ̀ ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà ni Johnson. Orin búlúùsì 29 péré ni ó gbà sílẹ̀, ní San Antonio ní 1936 àti ní Dallas ní 1937: òun nìkan àti gìtá rẹ̀. Ó kú ní 1938, kò ju ẹni ọdún 27 lọ. Ní 1961, ilé-iṣẹ́ Columbia kó 16 nínú àwọn orin náà sínú àwo kan, èyí sì ni ó dé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé ọmọ-ìkọ́ṣẹ́ ìjálá a máa tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ lọ sóde eré. Ohùn òkú ni Clapton kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí bí ó bá ṣì í.

'Ramblin' on My Mind' ti Johnson ni orin àkọ́kọ́ tí ó dá nínú àwo, ní 1966, nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ John Mayall. Ṣùgbọ́n 'Crossroads' ni ó gbajúmọ̀ jù, èyí tí òun, Jack Bruce àti Ginger Baker (ẹni tí ó bá Fẹlá ṣe àwo kan ní 1971), tí wọ́n ń jẹ́ Cream, kọ ní San Francisco ní oṣù kẹta 1968. Nínú orin ti Johnson, ìwọ̀n gìtá kò dúró lójú kan. Ó ń gùn, ó sì ń kúrú bí ohùn bá ti fẹ́, bí onílù tí ń ṣọ́ ẹnu akéwì. Clapton yọ ìdún kan nínú rẹ̀, ó ń tún un lù lemọ́lemọ́, ó sì sọ ọ́ di ìpìlẹ̀ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sáré lé lórí. Ó mú ẹsẹ kan láti inú 'Traveling Riverside Blues', tí í ṣe orin Johnson bákan náà, ó fi kún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì dákẹ́ orin tí ó jẹ́ kí gìtá nìkan máa sọ̀rọ̀. Èyí kì í ṣe àdàkọ. Iṣẹ́ ọmọ tí ó ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni.

Ohun kan ni ó sọnù. Ìtàn tí ó gbilẹ̀ ni pé Johnson ta ọkàn rẹ̀ fún Sàtánì ní oríta kí ó lè mọ gìtá ta, àwọn onímọ̀ kan sì ti so èyí mọ́ Èṣù tiwa, onílé oríta. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fetí sí orin náà yóò rí i pé Ọlọ́run ni ẹni tí ó kúnlẹ̀ ní oríta ń bẹ̀, pé kò rí ọkọ̀ gbé e, àti pé ilẹ̀ ń ṣú mọ́ ọn. Adúláwọ̀ tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ lójú ọ̀nà Mississippi láyé ìgbà náà ní ohun tí ń bà á lẹ́rù, kì í sì í ṣe iwin. Clapton gba ohùn gìtá. Ẹ̀rù náà kò bá a dé San Francisco.

A kò lè fi ọ̀rọ̀ 1976 pamọ́. Lórí ìtàgé ní Birmingham, Clapton gbe Enoch Powell lẹ́yìn, ó sì ní kí àwọn àjèjì kúrò ní Bìrìtéènì. Ìbínú sí ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tí ó bí ẹgbẹ́ Rock Against Racism. Ó ti sọ lẹ́yìn náà pé ojú ti òun. Síbẹ̀, ìbà tí a fi gìtá jú tí a sì fi ẹnu tú ká ṣòro láti pè ní ìbà.

Àwo 2004, Me and Mr. Johnson, ní orin 14, ti Johnson ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wo "Mr." náà: oyè tí àwọn aláwọ̀ funfun Mississippi kì í fi pe adúláwọ̀ nígbà ayé Johnson. Àwọn olórin tí wọ́n tó iṣẹ́ ni wọ́n yí Clapton ká níbẹ̀, Billy Preston wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ní etí tiwa, orin náà dán jù. 'Crossroads' kò sì sí nínú rẹ̀. Èyí tí ó wù wá jù wà nínú Sessions for Robert J, ní ọdún kan náà, níbi tí Clapton àti Doyle Bramhall Kejì jókòó ti gìtá méjì ní 508 Park Avenue, ilé tí Johnson ti gba ohùn sílẹ̀ ní Dallas. Níbẹ̀, gìtá tún ń ṣọ́ ẹnu akọrin.

Ti owó kò gba àlàyé púpọ̀. Ní 2000 ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní Mississippi fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Johnson ní ọmọkùnrin kan láyé tí í ṣe àrólé rẹ̀. Àwo 2004 jáde nígbà tí a ti mọ ẹni tí ogún náà tọ́ sí. Ti 1968 kò rí bẹ́ẹ̀.